Omi Ẹ̀fọ́

Ìrọ̀lẹ́ ni ojú mi kọ́kọ́ já mi kulẹ̀.
Oòrùn kò tíì wọ̀ tán lẹ́yìn Arówómọlé,
àwọn ọmọ ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n ṣì ń rí bọ́ọ̀lù,
èmi ni mo gun ọ̀kadà wọ kòtò
pẹ̀lú agbọ̀n máńgòrò méjì àti ìyá oníyá.
Ìyá náà dìde, ó gbọn ìró rẹ̀, ó ní:
"Ọlọ́kadà, ṣé o mutí ni?"
Mo ní n ò mutí. Kò gbà. Ta ni yóò gbà?

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń kó máńgòrò
láti oko wá sí Tákíé,
fún àwọn tírélà tó ń lọ sí Kánò.
Òórùn rẹ̀ wà lára ẹ̀wù mi, oje rẹ̀ wà lára táńkì,
ṣùgbọ́n ẹnu mi kò mọ̀ ọ́n.
Bàbá mi ló ní máńgòrò a máa fa ibà.
Bàbá ti kú, ibà ò kú,
èmi ṣì ń pa òfin mọ́.

Mo ra ìgò fítámì lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó fi ẹ̀rọ pariwo kọjá.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà.
Ó ní ó ń wo ojú, ó ń wo ẹ̀yìn,
ó kù díẹ̀ kó wo gbèsè.
Mo ń fi ẹ̀bà tì í sọ́nà ọ̀fun.
Oṣù kan kọjá, ilẹ̀ ṣì ń tètè ṣú fún mi
ju bó ṣe ń ṣú fún aládùúgbò mi lọ.

Nọ́ọ̀sì Oyèníhùn kò bú mi.
Ó kàn bi mí pé: "Kí lo jẹ lánàá?"
Mo ní ẹ̀bà.
"Níjẹta?"
Mo ní ẹ̀bà.
Ó gbé gègé sílẹ̀.
"Epo ńkọ́?" Mo ní Àṣàbí a máa sun ún lórí iná
títí pupa rẹ̀ yóò fi sá.
Ó ní: "Pupa tó sá yẹn, òun ni ojú rẹ ń wá kiri."
Ó fún mi ní oògùn, ó kọ ọ́ sínú káàdì,
ó ní kí n lọ wo inú ìkòkò mi.

Mo délé, mo fi àpótí jókòó ti Àṣàbí.
Ó ń ṣe tẹ̀tẹ̀. Ó gé e tán kó tó fọ̀ ọ́,
ó bọ̀ ọ́, ó fún un, ó tún un fún,
ó da omi rẹ̀ sẹ́bàá gọ́tà
níbi tí kókò kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbìn.
Ẹ wá wo kókò! Ewé rẹ̀ gbòòrò bí agboòrùn,
ó ń dán, ó ń yan.
Ọdún méje la ti ń bọ́ ọ,
a ò mọ̀ pé ọmọ la bí.

Mo sọ ọ́. Àṣàbí fajú ro:
"Nọ́ọ̀sì ni yóò wá kọ́ mi lọ́bẹ̀?"
Ọjọ́ mẹ́ta, a ò bá ara wa sọ̀rọ̀.
Lọ́jọ́ kẹrin, ọbẹ̀ dé pẹ̀lú pupa rẹ̀,
tẹ̀tẹ̀ ṣì ní omi lára.
Kò sọ nǹkan. Èmi náà ò sọ nǹkan. Mo jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọ̀tún wòsì bí olè,
mo fi eyín ya máńgòrò kan.
Oje ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ mi.
Mo jókòó de ibà. Ibà ò wá.
(Ó wá lóṣù Agẹmọ, pẹ̀lú ẹ̀fọn,
bó ṣe ń wá lọ́dọọdún.)

N ò ní parọ́ fún yín, ojú ò là lọ́jọ́ kan.
Ṣùgbọ́n lánàá, láàárín ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn,
mo rí ìyá ọjọ́sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.
Mo dúró, mo ní kó gùn ún lọ́fẹ̀ẹ́.
Ó wò mí, ó wo ọ̀kadà,
ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ.
Mo wò ó títí tó fi yà sí kọ̀rọ̀:
gèlè rẹ̀, àwọ̀ osùn ni,
ó ní ìlà funfun tín-ín-rín létí.